Ìfun Inú Èèrà

Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù la sábà ń fi òwe yìí kọ́ ọmọdé. Ta ni yóò jókòó ti èèrà ní tòótọ́? Àwọn kan ti jókòó tì í. Bí èèyàn bá fi ìlú Bouaké sílẹ̀, tó kọrí sí àríwá ìlà-oòrùn Côte d'Ivoire, tó rìn títí, yóò dé igbó ìpamọ́ Comoé, ilẹ̀ ọ̀dàn tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 11,500 kìlómítà níbùú lóròó, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1983. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karl Eduard Linsenmair, láti Yunifásítì Würzburg ní Jámánì, dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2002 sọ ibùdó náà di ahoro. Nígbà tí ìlú rọ̀, wọ́n tún un kọ́, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Erik Frank sì lọ síbẹ̀ láti wo èèrà kan tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Megaponera analis. Ẹni tó bá mọ ìkamùdù láti oko yóò mọ irú kòkòrò tí mò ń wí: ó dúdú, ó tóbi, ó ń tò rìn, bó bá sì ta èèyàn, olúwarẹ̀ kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ní 2017, Frank àti Linsenmair tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí èèrà yìí ṣe ń pinnu: èwo ni ẹnì kan ń dá pinnu, èwo ni gbogbo agbo ń jọ pinnu? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti èèrà nìkan. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó nípàdé ẹbí, nípàdé ọmọ ìlú, nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí ti pàdé rẹ̀ rí. A máa ń sọ pé ọgbọ́n pọ̀ níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ní gbogbo ìgbà. Ìpinnu àjọṣe kì í dára ju ojú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wo ọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu lọ. Bí ojú bá kúnà, ọ̀pọ̀ ẹnu kò lè dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èèrà Comoé ṣe ń ṣe é. Ikán ni oúnjẹ rẹ̀, kò ní òmíràn. Amí kan á dá jáde kúrò nínú ihò, á máa wá ibi tí ikán ti ń jẹun lábẹ́ èèpẹ̀ tí wọ́n fi bo orí ara wọn. Bó bá rí wọn, kò ní bá wọn jà. Á yẹ ibẹ̀ wò, á sì gba ilé lọ kíákíá. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kó ọmọ ogun jáde, láti nǹkan bí 200 títí dé 600, wọn á tò tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń jáde bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, àwọn ńlá inú wọn á fọ́ èèpẹ̀, àwọn kéékèèké á wọlé lọ fa ikán jáde, àwọn ńlá á kó ẹran sẹ́nu, gbogbo wọn á kóra jọ, ó di ilé. Kí Frank tó dé ibẹ̀ rárá, Longhurst àti Howse ti wo irú èèrà yìí kan náà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà, wọ́n sì ti kọ ohun tí wọ́n rí nípa bó ṣe ń kó ogun jáde sínú ìwé ní 1979. Nítorí náà, kòkòrò ìtòsí wa ni.

Ta ló wá fi amí yẹn jẹ balógun? Ayaba wà nínú ihò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin ló ń yé, kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kò sí ìwúyè, kò sí ìdìbò. Ẹsẹ̀ amí ló fi í jẹ oyè, nítorí pé ẹsẹ̀ náà ti débẹ̀. Oyè náà kò sì pẹ́ ju ìrìnàjò náà lọ. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Agbo èèrà ti sọ òwe yẹn di òfin: ẹni tó fojú bà á ló ń ṣíwájú, ẹni tó gbọ́ ìròyìn ń tẹ̀ lé e. Àwa ńkọ́? Mélòó nínú àwọn tó ń ṣíwájú wa ló ti fẹsẹ̀ ara wọn dé ibi tí wọ́n ń kó wa lọ? Ẹni tí kò dé oko rí ló ń ṣe alága ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ẹni tí kò wọ ọjà láti ọdún pípẹ́ ló ń fi owó lé ìṣọ̀. A ní kó máa bọ̀ níwájú nítorí pé agbádá rẹ̀ fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan kì í tó fún gbogbo ọ̀rọ̀. Bí amí bá ṣe àṣìṣe lórí ikán, ebi ọ̀sán kan ni. Bó bá jẹ́ pé ilé tuntun ni agbo fẹ́ kó lọ, tí amí kan sì ṣì í mú, gbogbo ìran ló lọ. Èèrà bín-ń-tín kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Temnothorax. Koro èso àti àlàfo àárín òkúta ló ń gbé, odindi ìlú rẹ̀ lè wọ inú èso kan ṣoṣo. Nigel Franks ní Yunifásítì Bristol, Stephen Pratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wo bí èèrà yìí ṣe ń wá ilé.

Bí ilé bá bàjẹ́ mọ́ wọn lórí, àwọn amí á fọ́n ká. Èyí tó bá rí ihò kan á wọ inú rẹ̀, á rìn ín yí ká, á wo bó ṣe fẹ̀ tó, bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe rí, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé sí. Bí ibẹ̀ bá dára, kíá ló ń padà lọ pe ẹlòmíràn. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dára, á fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó pè. Ẹyọ ẹnì kan ló sì ń pè lẹ́ẹ̀kan. Á máa rìn níwájú, èkejì á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, á máa fi ìwo orí rẹ̀ kàn án lára. Bí ẹni ẹ̀yìn bá dúró láti mọ ọ̀nà, ẹni iwájú á dúró dè é. Ní 2006, Franks àti Tom Richardson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ìkọ́ni gan-an lèyí, torí olùkọ́ ń fi àkókò tirẹ̀ ṣòfò kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀nà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá débẹ̀, kò ní torí pé wọ́n mú òun wá sọ pé ó dáa. Òun náà á rìn ín yí ká. Òun náà á fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Ìgbà tí iye àwọn tó wà nínú ihò tuntun náà bá tó ìwọ̀n kan ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà: wọn á jáwọ́ nínú fífẹ̀sọ̀ mú ara wọn rìn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn yòókù, ẹyin àti ọmọ wẹẹrẹ, lọ síbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ìyára àtẹ̀yìnwá.

Ibi tí ìtayọ wọn wà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣì ń wò ó, wọ́n lọ́ra. Nígbà tí ẹ̀rí tó, wọn ò tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ náà ní ibi tó ń parí sí. Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń sáré níbi tó yẹ kí wọ́n ti wò, tí wọ́n sì wá ń ṣe ìpàdé lórí ìpàdé nígbà tó yẹ kí wọ́n ti máa gbé ẹrù.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá le, tí agbo wà ní gbangba níbi tí kò ti sí ààbò, wọ́n á dín iye ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń dúró dè kù. Wọ́n á tètè pinnu, wọ́n á sì ṣe àṣìṣe jù ti ìgbà ìrọ̀rùn lọ. Wọ́n ń san owó àṣìṣe láti ra àkókò. Àgbà tó bá rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a. Àmọ́ kí èèyàn tó máa sáré, kó kọ́kọ́ rí ejò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó fẹ́ kí ìpàdé tẹ̀ lé òun máa ń pariwo ejò níbi tí kò ti sí nǹkan kan.

Takao Sasaki àti Pratt tún ṣe àyẹ̀wò kan tó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀. Wọ́n fi ilé méjì síwájú èèrà kí ó yan èyí tó dára jù. Nígbà tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kéré, tó ṣòro láti mọ̀, agbo ṣe dáadáa ju èèrà kan ṣoṣo lọ. Nígbà tí ìyàtọ̀ náà hàn gbangba, èèrà kan ṣoṣo ló ṣe dáadáa jù. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ ká pe ogójì èèyàn sí. Bí òrùlé bá ń jò, ẹni tó wà nítòsí àkàbà kó gun un. Ọ̀rọ̀ tó rú ojú, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ jọra, ni kí a gbé wá síwájú àgbà àti ọmọdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò sọ pé gbogbo ìkòkò tó wà ní Ifẹ̀ ni wọ́n jọ mọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bọ èèrà. Èèrà ń ṣìnà, ìṣìnà rẹ̀ sì jọ tiwa tó bẹ́ẹ̀ tó yẹ kí ojú tì wá. Ní 1989, Jean-Louis Deneubourg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ṣe afárá ẹlẹ́ka méjì láàárín ilé èèrà Argentina àti oúnjẹ, ẹ̀ka kan gùn, èkejì kúrú. Èèrà ń tú òórùn sílẹ̀ bó ṣe ń rìn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì gba ibi tí òórùn ti le jù. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà kúkúrú ti ń yára kún fún òórùn, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi gbà á. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan yá ju èkejì lọ. Ìgbà tí wọ́n wá fi ọ̀nà gígùn nìkan sílẹ̀ fún wọn lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀nà kúkúrú wá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò yà síbẹ̀. Òórùn àná ti le jù. Bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ ti di ìdí tí a fi ń ṣe é.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn èèrà tí ìjàlọ tiwa bá tan, àwọn tí kò ríran, tó jẹ́ pé òórùn ẹni iwájú nìkan ni wọ́n ń tọ̀. William Beebe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé òun rí wọn ní Guyana tí wọ́n ń yí po: àyíká òbìrípo náà tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200, ó sì ń gba èèrà kọ̀ọ̀kan ní wákàtí méjì àbọ̀ kó tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń yí bẹ́ẹ̀ títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Kò sí aláìgbọràn nínú wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló tẹ̀ lé ẹni iwájú rẹ̀ tọkàntọkàn, ìyẹn ló sì pa wọ́n.

Ẹ wá wo ìpàdé wa. Alága á kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀. Ẹni tó dá owó jù á ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn yòókù á mi orí, wọ́n á ní àbá ti di òfin. Bí a bá ka ọwọ́, ogójì ni. Bí a bá ka ojú tó wo ọ̀rọ̀ náà, ẹyọ kan ni. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tó bá wó tán, olúkúlùkù á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó rí tí kò wí ti fi ojú tirẹ̀ du ẹgbẹ́.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Bouaké kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ amí yìí. Ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé ìlú náà ní 1912, ìlú àwọn Baoulé sì di oríta ọjà láàárín gúúsù àti àríwá. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò, ti ń bá òwò lọ sí Côte d'Ivoire. Ilé kì í kó gbogbo ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ, á mọ ọjà, á mọ èdè, á wá padà wálé wá mú àbúrò. Àbúrò á fojú ara rẹ̀ rí i kó tó ránṣẹ́ sí ìyàwó. Ìgbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kó jáde, àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Ghana ní láti tètè pinnu: àwọn kan gba ilé lọ, àwọn kan yà sí Côte d'Ivoire. Ẹni tó ti ní amí níbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti inú òkùnkùn.

Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, ogun dé. Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó di olú ìlú wọn, orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Ká dúró ni, àbí ká lọ? Ọ̀nà wo ló là? Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ahọ́n ń yára ju ẹsẹ̀ lọ, ìbẹ̀rù sì lè kó odindi àdúgbò yí òbìrí bí èèrà Guyana. Ẹni tó wúlò jù láàárín ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà ni ẹni tó lè sọ pé: "Mo dé ibodè lárọ̀ yìí. Ohun tí mo rí nìyí. Èyí tí mi ò rí, mi ò rí i." Gbólóhùn yẹn kò ní ẹwà, kì í mú àtẹ́wọ́ wá, àmọ́ òun ló ń gba ẹ̀mí là. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ìtayọ kì í ju kí èèyàn mọ ààlà ohun tí òun fojú rí, kó má sì kọjá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbi ìpinnu ṣá o. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìpadàbọ̀ la ó wò ká tó mọ̀ bóyá ogun dára. Ikán ní ọmọ ogun tirẹ̀, ẹnu wọn mú. Bí ogun èèrà Comoé bá tú, àwọn kan á ti pàdánù ẹsẹ̀, ikán á ṣì rọ̀ mọ́ àwọn mìíràn lára. Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹni tó fara pa á tú òórùn kan sílẹ̀ tó ń pe ìrànlọ́wọ́, àwọn yòókù á wá a kàn, wọ́n á gbé e délé. Nígbà tí wọ́n mú kí àwọn tó fara pa dá rìn padà, nǹkan bí 32 nínú 100 ló kú lọ́nà, alántakùn wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé agbo tó ń gbé àwọn tirẹ̀ tó fara pa fi nǹkan bí 28.7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju bí ì bá ṣe rí bí kò bá gbé wọn. Nínú ilé, àwọn yòókù á máa lá ojú ọgbẹ́. Láìsí ìtọ́jú yìí, nǹkan bí 80 nínú 100 ni ì bá kú láàárín ọjọ́ kan. Pẹ̀lú rẹ̀, nǹkan bí 10 ni. Ní 2023, wọ́n tún fi hàn pé èèrà yìí mọ ọgbẹ́ tó ti ní kòkòrò àrùn yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, ó sì ń fi oje ara rẹ̀ tó ń pa kòkòrò sí èyí tó nílò rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo ti pínyà pẹ̀lú èèrà. Ẹni tó fara pa díẹ̀ á ká ẹsẹ̀ jọ kí wọ́n lè gbé e. Ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ márùn-ún á máa jà gùdù, kò ní dúró, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ sójú ogun. Fún kòkòrò, ìṣirò náà pé. Fún ọmọ ènìyàn, kò pé. Àwọn tí ogun 2002 gba dúkìá wọn, tí ó tú ilé wọn ká, kì í ṣe gbogbo wọn ló lè káwọ́ kẹ́sẹ̀ jọ kí á gbé wọn. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà Ouagadougou ní oṣù Kẹta 2007, wọ́n dáná sun ohun ìjà ní gbangba ní Bouaké lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún náà, ayọ̀ sì kún ìlú. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fẹ́ tayọ èèrà gbọ́dọ̀ tún yíjú sí ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà kò bèèrè bóyá ọmọ náà ń sunkún.

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó rí i pé ìtayọ ẹgbẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngán. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, lọ́wọ́ ẹni tó dá jáde lọ wo nǹkan nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Bí ojú bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́, kódà bí alága kò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìpinnu á yanjú. Bí kò bá sí, kódà bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá kàwé dé òpin, òbìrí ni wọn yóò máa yí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí ìpàdé lọ́la, kó kọ́kọ́ gba ọjà kọjá.